009 Àlhájà: fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì méjì tí mo ti lò ní ṣọ́ọ̀bù ẹrù wa

"Àsàlámù àlàékùm," ni ọkùnrin tó gbé ìpè náà wí. Àlhájà, ìyá mi, dá a lóhùn bó ṣe yẹ kí mùsùlùmí dáhùn. Ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè iṣẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó gbé fóònù kúrò létí, tó yíjú sí mi lẹ́yìn káńtà. "Ta lẹni tó gbé fóònù àbúrò mi yìí? Kò mà gbọ́ Yorùbá." Àbúrò rẹ̀ ń gbé n'Íbàdàn, ní agboolé kan lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Ìgbà tí mo wo àkọsílẹ̀ ìpè lórí kọ̀ǹpútà ni mo tó mọ̀ pé Pakistan ni ẹni tó ń bá ṣeré wà.

Kò sì ṣi nọ́ńbà tẹ̀ o. Gbogbo fígọ̀ tó wà nínú ìwé pélébé rẹ̀ ló tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú awò lójú. Ohun tó fi ṣáájú wọn ló gbé e gba ibòmíràn. Ní Nàìjíríà, 009 ni wọ́n fi ń jáde sókè òkun. Láti ọdún tó ti ń pè mí láti ilé, 009 ló ń kọ́kọ́ tẹ̀, kó tó tẹ 44, kóòdù tiwa níbí ní Britain. Nígbà tó wá kí wa, ó rò ó jinlẹ̀: 009 láti jáde, 234 láti wọ Nàìjíríà, kí nọ́ńbà àbúrò òun tẹ̀ lé e. Ta ló máa ní kò gbọ́n? Àmọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òdo méjì péré ni ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ gba 00, ó gbà pé ìpè ń lọ sókè òkun, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tó kù: 9, 2, 3, 4, 8. 92 ni Pakistan, 34 sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà alágbèéká níbẹ̀. Fígọ̀ méjì tó lé lẹ́yìn, wọ́n dà á nù sọ́nà. Ká ní ó fi irú ètò yẹn pè mí láti inú Lọ́ńdọ̀nù yìí, 009 44, Sri Lanka ni ì bá já sí, torí 94 ni tiwọn.

Oríṣi fóònù méjì ni mo ti lò láàárín ọdún méjì. Ọ̀kan ni èyí tí mo ń sanwó oṣooṣù fún lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Èkejì ni èyí tí a fọwọ́ ara wa tò, Asterisk pẹ̀lú FreePBX, sọ́fítíwíà tó ń sọ kọ̀ǹpútà di ẹ̀rọ fóònù, lórí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi tí kò ju páálí sìgá lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ bí ohùn ṣe mọ́ tó, bí iye ṣe rí. Èmi, ohun tí mo fi ń wọn fóònù ni bóyá ó mọ bí àwọn èèyàn mi ṣe ń kọ nọ́ńbà. Ohùn ọkùnrin Pakistan yẹn mọ́ gaara bí agogo. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ẹ̀gbẹ́ Old Kent Road ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Bárẹ́ẹ̀lì, fíríìjì, táyà, àpò aṣọ, títí kan àga ṣọ́ọ̀ṣì, là ń kó sínú kọ̀ńténà lọ sí Apápá. Ti Kútọnù ń lọ lọ́tọ̀. Èmi, ọmọbìnrin méjì tó ń gba ìpè, àti awakọ̀ kan ni a jọ ń ṣe é. Láìnì wáyà bàbà la ń lò tẹ́lẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ní Britain: December 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n wá sún un sí 31 January 2027. N kò fẹ́ dúró di ọjọ́ ìkẹyìn kí n tó máa sá kiri.

Mo ti rí irú ìyípadà yìí rí. Nígbà tí mo dé ìlú yìí ní 1993, 010 la fi ń pe ilé. Ní 16 April 1995 ni wọ́n sọ ọ́ di 00, wọ́n sì ki 1 bọ àárín nọ́ńbà ìlú gbogbo, 071 wa di 0171. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni mo fi ń tẹ ti àtijọ́, tí obìnrin inú ẹ̀rọ ń bá mi wí. Nítorí náà n kò lè fi Àlhájà ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀. Ìka ọwọ́ máa ń rántí ohun tí orí ti gbàgbé.

Ó yá, ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí n má parọ́ mọ́ wọn: ọjọ́ kejì tí mo sanwó ni fóònù mẹ́ta dé nínú páálí. Mo ki wáyà bọ ráútà, ó dún. Pọ́ùn 14 lóṣù lórí fóònù kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wa àtijọ́ ni wọ́n gbé wá fún wa, kò sí oníbàárà tó sọnù. Tí a bá ti lọ sílé, ẹ̀rọ ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sí ímeèlì mi. Bó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù òdòdó ni mo ń ṣe, tí n kò pe ẹnikẹ́ni kọjá Croydon, ìràwọ̀ márùn-ún ni mo máa fún wọn.

Ibi tí ó ti bàjẹ́ ni òfin kan tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ wọn: nọ́ńbà tó bá fi òdo kan bẹ̀rẹ̀, ti Britain ni, kí ẹ̀rọ yọ òdo yẹn, kó fi 44 sípò rẹ̀. Fún ará ibí, ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ẹrù wa. Oníbàárà á kọ orúkọ ẹni tó máa gba bárẹ́ẹ̀lì nílé, á kọ nọ́ńbà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé: 0803, 0703, 0808, kí fígọ̀ méje tẹ̀ lé e. Mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nọ́ńbà alágbèéká ti Britain náà, mọ́kànlá ni, òdo ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó jọ àṣìṣe níbẹ̀. Ọmọ tó wà ní káńtà kàn ń da ohun tó wà lórí ìwé kọ sórí fóònù ni.

Níbí, 0803 kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ á ní kò sí irú rẹ̀. Ìyẹn sàn. 0703 ló léwu. Ní Britain, 07 ni fóònù alágbèéká, ṣùgbọ́n 070 kì í ṣe alágbèéká rárá. Nọ́ńbà tí wọ́n máa ń yí gba ibòmíràn ni, owó rẹ̀ sì ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí gbèsè kí Ofcom, àjọ tó ń mójú tó fóònù níbí, tó fi òfin dé e ní October 2019. 0808 ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ níbí, ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń lò ó. Nígbà tí a pe oníbàárà kan ní Ṣágámù, obìnrin kan gbé e, ó ń bi wá pé ṣé ọ̀rọ̀ ìsanwó padà ni àbí ọ̀rọ̀ ìbéèrè tuntun. Ọmọ tó pè dáhùn pé ọ̀rọ̀ fíríìjì ni.

Ti 0909 ni n kò lè gbàgbé. Pásítọ̀ kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí àga ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti gúnlẹ̀. Nọ́ńbà tó fi sílẹ̀, 0909 ló fi bẹ̀rẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn nílé. Ní Britain, 09 ni nọ́ńbà olówó gọbọi, 0908 àti 0909 sì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbà tí kò ṣeé sọ níwájú ọmọdé. Ọmọ náà fi ìpè sórí ẹ̀rọ agbóhùnsókè torí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ìwé. Oníbàárà mẹ́ta ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá ìjọ. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn pásítọ̀. N kò tíì rí ẹni tó fo káńtà rí tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo fò ó lọ́jọ́ náà láti lọ pa á.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n dáhùn tìtẹríba-tìtẹríba pé kí a máa tẹ nọ́ńbà "bó ṣe yẹ", pẹ̀lú àmì + níwájú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fóònù orí tábìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, bọ́tìnnì méjìlá ló ní: òdo dé mẹ́sàn-án, ìràwọ̀, àti àmì #. Mo wá + títí, n kò rí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí + yẹn, torí àwọn oníbàárà wa rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ohun tó ń wí ni pé: ibi yòówù tí o bá wà, fi ohun tí wọ́n fi ń jáde níbẹ̀ sí ojú mi yìí. Ní Nàìjíríà, 009 ni yóò dà. Ní Britain, Benin àti Tógò, 00. Ní Amẹ́ríkà, 011. Ní Kúbà, 119. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà gan-an, kóòdù orílẹ̀-èdè ló sì ṣáájú, kì í ju fígọ̀ 15 lọ lápapọ̀. Àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, tó wà ní Geneva ló ṣòfin yẹn, E.164 ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà yín pẹ̀lú + sínú fóònù, kò sí ìlú tí ẹ lè gbé e dé tí kò ní mọ ọ̀nà ilé. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní 0803, ẹ ti kọ àdírẹ́sì tí kò ní orúkọ ìlú.

Ìpè tó ń wọlé náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹnì kan náà, fóònù kan náà, láti Apápá: lónìí nọ́ńbà rẹ̀ á hàn ní +234803, lọ́la 234803 láìsí +, lọ́tùúnla 00234803. Nígbà mìíràn nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù kan tí a kò mọ̀ rí ló máa hàn, torí pé ẹni tó gbé ìpè náà kọjá òkun gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kó lè dín owó kù. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yẹn kàn ń tọ́jú ohun tó bá rí bó ṣe rí. Bí a bá wá tẹ bọ́tìnnì láti pe ẹni náà padà, 234803 tí kò ní òdo, tí kò ní +, kò mọ ibi tó ń gbé e lọ. "Nọ́ńbà yìí kò sí." Ẹni tó ń bá wa gba ẹrù jáde ní Apápá pe ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nítorí ìwé kan tó yẹ kí n fọwọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la pè é padà tí wọ́n ní kò sí. Ọjọ́ Ajé ni mo tó gbọ́, owó ìdúró kọ̀ńténà ọjọ́ mẹ́ta sì ti gorí ara wọn. Owó yẹn ju iye tí mo ń san fún fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún kan lọ.

Ẹ tún gbọ́ ti òdo inú àkámọ́. Ẹ ti rí i lórí káàdì àwọn oníṣòwò: +234 (0) 803. Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń sọ ni pé, bí o bá wà nílé, tẹ òdo. Bí o bá wà lókè òkun, fò ó. Èèyàn lè lóye ìyẹn. Ẹ̀rọ kò lóye ẹ̀. 2340803 ló ń tẹ̀, ó sì ń já. Mo tún kọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbọ́ tèmi: wọ́n fi òfin tuntun sí i pé òdo yòówù tó bá tẹ̀ lé kóòdù orílẹ̀-èdè, kí ẹ̀rọ yọ ọ́ sọnù. Inú mi dùn. Ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere, títí kan àwọn tí wọ́n kọ òdo mọ́.

Ló bá di pé Kútọnù kò wọlé mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rò pé ọkùnrin tó ń gba ẹrù wa níbẹ̀ ti pa fóònù. Àfi ìgbà tí àǹtí mi ní Kétu ti ilẹ̀ Benin, ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóbìnrin tó fẹ́ ọkọ síbẹ̀, ní kí wọ́n bá òun bi mí pé kí ló dé tí n kò pè mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní 30 November 2024, Benin yí gbogbo nọ́ńbà wọn padà. Fígọ̀ mẹ́jọ ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi 01 síwájú rẹ̀, ó di mẹ́wàá. Òdo inú 01 yẹn sì wà nínú nọ́ńbà gan-an. Kò dà bí òdo tiwa nílé tí a ń bọ́ sílẹ̀ bíi bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Láti Lọ́ńdọ̀nù, +229 01 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kí fígọ̀ mẹ́jọ àtijọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ wa rí òdo lẹ́yìn 229, ó ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó yọ ọ́. Côte d'Ivoire náà ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, ní 31 January 2021: 01, 05 àti 07 ni wọ́n fi síwájú nọ́ńbà alágbèéká tiwọn, òdo náà ò sì gbọdọ̀ kúrò. Ítálì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fóònù ilé wọn láti 1998. Tógò kò ní òdo kankan láti yọ, fígọ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ṣì ń lò.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ọmọkùnrin tó gbé ìpè ní ilé iṣẹ́ náà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màdámù, ìwọ nìkan lo ti ń pe Benin nínú àwọn oníbàárà wa." N kò gbà á gbọ́. Peckham, àdúgbò tí àwa ará Áfíríkà kún, kò jìnnà sí wọn. Àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a kò ní lè jọ gbé pọ̀. Ìràwọ̀ méjì: ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún bí wọ́n ṣe tètè fi fóònù ránṣẹ́.

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Houston ló mú Asterisk wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́, mo rò pé eré kọ̀ǹpútà ni. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni, Mark Spencer ló kọ ọ́ ní 1999; FreePBX ni ojú tí wọ́n fi bò ó kí irú èmi náà lè máa fi máòsì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ, káàdì ìrántí àti wáyà iná rẹ̀ kò pé pọ́ùn 100 lápapọ̀. Fóònù àtijọ́ mẹ́ta yẹn la tún lò. Láìnì ni a wá ń rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ń san iye tí a bá sọ̀rọ̀ mọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kò mọ nǹkan kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, oore ló ṣe fún mi. Kò sí òfin pé òdo túmọ̀ sí Britain, kò sí òfin pé kí wọ́n yọ òdo ẹnikẹ́ni. Òfìfo tábìlì ló gbé síwájú yín, níbi tí wọ́n kọ "Outbound Routes" sí, ìyẹn ọ̀nà tí ìpè ń gbà jáde, àwọn kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ń béèrè: kí ni wọ́n tẹ̀ ṣáájú tó yẹ kí n yọ? Kí ni kí n fi sípò rẹ̀? Báwo ni èyí tó kù ṣe gbọ́dọ̀ rí? X dúró fún fígọ̀ yòówù, Z fún 1 dé 9, N fún 2 dé 9. Àmì ìdánudúró sì túmọ̀ sí "ohunkóhun tó bá kù". Alẹ́ méjì ni mo fi kọ́ ọ lórí WhatsApp. Ọmọ mi ń pariwo láti Houston pé, "Àǹtí mi, kì í ṣe X, Z ni mo ní!"

Àkọ́kọ́ tí a kọ ni èyí tó rọrùn: bí wọ́n bá tẹ 00, yọ ọ́, fi + sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin Àlhájà. Mo fẹ́ kí 009 234 lọ sí Nàìjíríà bí òun ṣe ń rò ó, ṣùgbọ́n ará Pakistan ni oníṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó máa ń wá tọrọ fóònù wa pe ìyàwó rẹ̀ nígbà míràn, 0092 34 sì ni nọ́ńbà ìyàwó náà fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá já gbogbo 009234 gbà, mo ti já obìnrin yẹn gbà. Gígùn wọn ló gbà wá: ti Pakistan, láti òdo àkọ́kọ́ dé òpin, fígọ̀ 14 ni, ti Àlhájà, 16 ni. A ní kí òfin náà mú kìkì 009234 tí X mẹ́wàá géérégé bá tẹ̀ lé. A tò ó sí òkè pátápátá, torí ọ̀nà tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ yẹ ìpè wò. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fún ọmọ àbúrò mi fúnra rẹ̀, torí nígbà tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, 011 234 ti Amẹ́ríkà ló ń tẹ̀. Kò sí nọ́ńbà ìlú Britain tó gùn tó 16, nítorí náà ìyẹn kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Nọ́ńbà inú ìwé ẹrù ló kù, 0703 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fojú inú wò ó: bó bá jẹ́ 0803, ti ilé ni. Mo kọ̀. Lórí 070, 0808 àti 0909, kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ̀, torí ojúlówó nọ́ńbà ni wọ́n ní ìlú méjèèjì. Kàkà bẹ́ẹ̀, a ya 6 sọ́tọ̀. Bí nọ́ńbà orí ìwé bá jẹ́ ti ilé, tẹ 6, kí o wá tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe rí i. Ẹ̀rọ á yọ 60, á fi +234 sí i. Àwọn ọmọbìnrin náà ń pè é ní "mẹ́fà ilé". Gbogbo 09 àti 070 tí kò ní 6 níwájú, a tì wọ́n pa, ìyá ìjọ lè máa wá.

Mo béèrè ìdí tí a kò fi lo 9, torí 9 ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì fi ń jáde. Ọmọ mi ní kí n má dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fi 9 jáde tó fẹ́ pe òkè òkun á tẹ 9, 0, 1, 1. Bí ìka rẹ̀ bá fo òdo, 911 ló tẹ̀ yẹn, ọlọ́pàá á dé. Tiwa níbí, 999 ni. Mo gbà.

Ti Benin kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ: fi 229 sílẹ̀ bó ṣe wà, má fọwọ́ kan òdo ẹ̀. Ti Nàìjíríà nìkan la kọ òfin yíyọ òdo fún. Ìpè tó ń wọlé, ọmọ mi kọ ìlà mẹ́rin kan sí i tí ń sọ gbogbo ìrísí nọ́ńbà di ọ̀kan ṣoṣo, + níwájú, kó tó hàn lójú fóònù. Látìgbà yẹn, bọ́tìnnì ìpè padà ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ìlà mẹ́rin yẹn ni mo máa mú.

Oníbàárà wa kan wà ní Salvador, ní Bràsíl, tó máa ń ra aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀ nípasẹ̀ wa. Nọ́ńbà tó kọ síwèé ni 0xx71. Ọmọ tó wà ní káńtà pè mí pé, "Àǹtí, níbo ni x wà lórí fóònù?" Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn o: x méjì náà dúró fún nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tí o bá fẹ́ kó gbé ìpè rẹ, olúkúlùkù á mú tirẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wa, +55 71 ni.

Ẹ̀bi kan wà tó jẹ́ tèmi. Fóònù kan wà tí nọ́ńbà inú ilé rẹ̀ jẹ́ 201. Mo fi 201 náà ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kí n má baà gbàgbé. Ní òru Sátidé kan, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, wọ́n fi láìnì wa pe àwọn ìlú tí n kò lè tọ́ka sí lórí máàpù. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè, àwọn náà ń gba ìpín nínú owó rẹ̀ ni. Ohun tó kó mi yọ ni pé pọ́ùn 20 péré ni mo san sílẹ̀, n kò sì gbà kí wọ́n máa fa owó fúnra wọn. Nígbà tó tán, ó tán. Báyìí, ìlú tí a kò kọ sí tábìlì, ìpè kò lè dé ibẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún +1, torí kì í ṣe Amẹ́ríkà àti Kánádà nìkan ló ń jẹ́ ẹ. Jàmáíkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú 876, Grenada wà níbẹ̀ pẹ̀lú 473, iye wọn sì yàtọ̀. Kóòdù Houston àti Maryland nìkan ni mo ṣí.

Àwọn tí n kò ní gbà nímọ̀ràn láti rà á pọ̀. Bí kò bá sí ẹnì kan nínú ẹbí yín tó gbọ́ Linux, ètò tí irú kọ̀ǹpútà yìí fi ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì lè jí lóru, ẹ wá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fúnni. Ẹ kàn bi wọ́n pé: bí mo bá pe +229 01, ṣé òdo mi á dé ibẹ̀? Bí wọ́n bá kálòlò, ẹ máa lọ. Bí iná bá lọ, fóònù lọ. Wáyà bàbà àtijọ́ máa ń gbé iná tirẹ̀ dání, tuntun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ra bátìrì kan tó ń gbé ẹ̀rọ àti ráútà fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ sì rí i pé ẹni tó ń ta láìnì fún yín ní àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù yín lọ́wọ́, torí bí ẹ bá pe 999, òun ni wọ́n máa wò. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un. Ìkarùn-ún, mo yọ ọ́ nítorí alẹ́ méjì tí mo fi ń wá ìyàtọ̀ X àti Z.

Àlhájà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. N kò sọ ohunkóhun fún un nípa gbogbo èyí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó wọ awò rẹ̀, ó ṣí ìwé pélébé rẹ̀, ó tẹ 009, ó tẹ 234, ó tẹ èyí tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò rẹ̀ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá mi bi í ni pé, "Ta lọkùnrin tó gbé fóònù rẹ lọ́jọ́sí?"